Ilé Onítáyà Tí Bàbá Mi Kàn fún Yèyé

Títí di òní, bí káfíńtà bá ń fi ayùn rẹ́ pákó ládùúgbò, mo máa ń dá ohun tí mo bá ń ṣe dúró. Àwọn ọmọ mi á wo ara wọn, wọ́n á ní, "Màmá ti tún lọ." Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo ti lọ. Mo ti padà sí agbo ilé wa ní Kàbà, sí ọdún tí bàbá mi sọ ọkọ̀ akérò rẹ̀ di ilé, tí àwọn aládùúgbò sì gbà láàárín ara wọn pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́, àwọn òkè tó yí ìlú ká ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú kúrukùru bí ẹni tó ń jí lójú oorun, kọfí tí ìyá mi sá sórí ẹní sì ń gbẹ níwájú ilé. Èmi ni wọ́n ní kí n máa lé adìẹ kúrò nídìí rẹ̀. Adìẹ kì í jẹ kọfí o, ó kàn máa ń fẹsẹ̀ tú u ká ni, àfi bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Mo rò pé gbogbo ọdún yẹn ni mo fi jókòó sídìí ẹní náà, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ mélòó kan péré ni.

Agbo ilé wa kì í dákẹ́ nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìgbálẹ̀ ìyá mi á ti máa họ ilẹ̀, ewúrẹ́ á máa sín. Nírọ̀lẹ́, odó á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé, èèyàn á sì mọ ẹni tí iyán rẹ̀ ti fẹ́ kúnná nípa bí ọmọ odó ṣe ń dún. Ṣùgbọ́n ìró tó kù sí mi létí jù lọ ni ti òfì Yèyé. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Inú yàrá rẹ̀ ni òfì náà wà, a gbé e ti ògiri, òun á sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí, á máa fi igi pẹlẹbẹ kan ki òwú mọ́lẹ̀: pàkà, pàkà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó gbọ́njú, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé ọwọ́ òun kò tíì gbọ́ ìròyìn náà. Èmi ni mo wá di ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mu omi, bí ó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń kọjá lóde, á pariwo pé, "Ẹsẹ̀ mi dà?" Èmi Abíọ́dún á sì sáré wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni mí, mo sì rò pé gbogbo ìyá àgbà ló ní ọmọ tó ń ṣe ẹsẹ̀ fún wọn.

Bàbá mi ní ọkọ̀ kan, lọ́rì tí wọ́n fi pákó kan ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ SÙÚRÙ LÉRÈ sí i níwájú, a sì ń pè é ní Sùúrù bí ẹni pé ọmọ ìyá wa ni. Kàbà sí Òkènè, Kàbà sí Lọ́kọ́ja, ó ń ru èèyàn, ó ń ru iṣu, ó ń ru kọfí, ó sì ń ru ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Òun là ń jẹ, òun là ń wọ̀. Bí ó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, a ó ti gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òkè, ìyá mi á sì gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ó máa ń sọ pé obìnrin méjì ni bàbá mi fẹ́, àti pé ìyáálé ni èyí tó ń mu pẹtiróòlù. Bàbá mi kì í jiyàn. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó máa ń fi ọwọ́ nu orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ pa orí ọmọ.

Ọjọ́ kan ni oníṣu kan láti Ìyàgbà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, tó ní kí wọ́n mú òun dé ọ̀dọ̀ Yèyé.

"Okun o, Yèyé."

"Okun o, ọmọ mi. Ará Makutu ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ajíbóyè ló ní kí n kí yín. Ara rẹ̀ kò yá. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ń retí yín."

Yèyé ki òwú lẹ́ẹ̀kan, pàkà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí igi náà. Ajíbóyè ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òfì kò fi dún nílé wa, gbogbo wa sì ń rọra rìn bí ẹni pé aláìsàn wà nílé. Ìyá mi ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà. Makutu ní Ìyàgbà ni wọ́n bí Yèyé sí, ọkọ ló gbé e wá sí Kàbà. Nígbà tí ìyá tirẹ̀ ń darúgbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ tí wọn yóò fi sin ín, torí lójú Yèyé, ìtìjú ni kí obìnrin tó mọ òfì hun jẹ́ kí aṣọ ọjà bá ìyá rẹ̀ wọ ilẹ̀. Odindi ọdún kan ló fi hun ún, òwú tó fọwọ́ ara rẹ̀ ran, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ láró. Ìyá náà kú. Ìránṣẹ́ pẹ́ lọ́nà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn nígbà yẹn. Nígbà tí Yèyé fi máa gbé aṣọ rẹ̀ dé Makutu, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ láti ìjẹta, aṣọ funfun ọjà ni Ajíbóyè sì fi dì í. Yèyé kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó ní òun kò ní sùn lábẹ́ òrùlé Makutu mọ́ títí òun náà yóò fi wọ ilẹ̀. Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó sì yí padà. Láti ọjọ́ náà kò débẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan lè ní kó lọ lówùúrọ̀ kó sì bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà ìgbà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ni ọkọ̀ fi ń já kòtò lọ sí Makutu, egungun arúgbó kò sì lè lọ kó bọ̀ láìsùn. Bàbá mi kọ́kọ́ mú katikíìsì ìjọ wa wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fi aṣọ nu ìgò ojú rẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun.

"Yèyé," ó ní, "ìbúra ìgbà àìmọ̀ ni. Ẹ ti ṣe ìrìbọmi láti ìgbà náà."

"Èmi ṣe ìrìbọmi," Yèyé dá a lóhùn. "Ilẹ̀ tí mo fọwọ́ kàn kò tíì ṣe é."

Katikíìsì tún nu ìgò ojú rẹ̀, ó mu omi, ó lọ sílé. Èmi nìkan ni mo kù lọ́dọ̀ Yèyé. "Ẹsẹ̀ mi," ó ní, "mo fẹ́ rí Ajíbóyè kí ọ̀kan nínú wa tó lọ. Ó wù mí ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá da ìbúra mi, ta ni yóò lọ rí i? Kò ní jẹ́ èmi mọ́." Mo ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé," torí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Mo ti dàgbà ju bí ó ṣe dàgbà lọ́jọ́ náà lọ báyìí, n kò sì tíì mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Èmi ni mo yanjú ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun ni mo sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sá fún kọfí àti adìẹ, mo gun ẹ̀yìn Sùúrù lọ, mo sì sùn lọ fọnfọn lórí àwọn àpò òfìfo tó ń rùn bí iṣu gbígbẹ. Oòrùn ń yọ́ wọlé láàárín pákó, ó ń fà sí mi lára bí okùn. Wọ́n wá mi títí dé odò. Nígbà tí bàbá mi rí mi, ó lejú mọ́ mi: "Níbo lo sùn sí láti ọ̀sán?" Ẹ̀rù bà mí, mo ní, "Ilé Bàbá mi ni." Ìyá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí, ni bàbá mi bá di ọwọ́ náà mú. Ó wo òrùlé ọkọ̀, ó wò mí, ó tún wo òrùlé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ nínú ẹbí pé mo gbọ́n láti kékeré. N kò gbọ́n. Mo kàn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìgbátí ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì tí kò dún.

"Yèyé, òrùlé Sùúrù, òrùlé ibo ni?"

"Kàbà ni. Ṣebí níbí ni wọ́n ti kàn án."

"Ta ló ni ín?"

"Ìwọ lo ni ín."

"Bí mo bá sọ ọ́ di ilé ńkọ́, tí mo wá gbé ilé náà lọ dúró sí Makutu?"

Yèyé mú igi òfì, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ṣé ibùsùn yóò wà níbẹ̀?"

"Yóò wà."

"Iná ìdáná ńkọ́? Ibi tí kò bá níná ìdáná, àgọ́ ni, kì í ṣe ilé."

"Iná yóò wà."

Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi ṣe ń jáde, a gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: pàkà. Kọ́tìnì kíjìpá fún ilé náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í hun.

Jòsáyà káfíńtà, ará Iffe nítòsí wa, ni bàbá mi pè. Jòsáyà kì í sọ̀rọ̀, nítorí ìṣó tó máa ń kó sẹ́nu. Ó tú gbogbo àga tí èrò máa ń jókòó sí, ó kó wọn ti ara ògiri wa. Ó kan ibùsùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣe àpótí tó ń ṣí sábẹ́ rẹ̀ fún aṣọ àti gààrí, ó fi ayùn la fèrèsé kan sára pákó, ó sì fi páànù bo orí rẹ̀. Eruku pákó bọ́ sórí kọfí ìyá mi, sórí adìẹ, sínú irun mi. Òórùn náà dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń bù ú sínú ìgbá, mo máa ń gbé e sùn. Ìyá mi ló ṣe ibi ìdáná: ó rọ yanrìn kún àpótí kan, ó mọ ààrò amọ̀ mẹ́ta sórí rẹ̀. Ó ń kùn, ó ń kùn, pé ọkọ̀ tó ń bọ́ wa ti di yàrá, pé èkuru láìsí ẹja ni a ó máa jẹ títí Olúwa yóò fi dé. Síbẹ̀ òun ló ń gbá ilẹ̀ ọkọ̀ náà láràárọ̀ bí ẹni tó ní àlejò. Èrò tí kò gbọ́ á gbé ẹrù rẹ̀ wá, á fẹ́ gùn ún lọ sí Òkènè. Èmi á yọjú lójú fèrèsé, màá ní, "Ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé."

Ọjọ́ tí Jòsáyà parí rẹ̀, bàbá mi gbé Yèyé lé ọwọ́, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn kó wò ó bí yóò bá a lára mu. Gbogbo wa dúró sí ẹnu ọ̀nà, à ń retí ìyìn. Yèyé wo òkè, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Jòsáyà."

Jòsáyà tu ìṣó sọ́wọ́. "Yèyé."

"Ta ni wọ́n ń tẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà? Òkú ni. Ṣé o ti gbọ́ pé mo kú ni?"

Odindi ọjọ́ kan ni ó tún fi tú ibùsùn náà, tó yí orí rẹ̀ padà. Kò bínú, ó ní òun ló jẹ̀bi, torí àga ọkọ̀ ni òun ti ń kàn láti ọjọ́ yìí wá, òun kò rántí pé ẹni tó jókòó kò dà bí ẹni tó dùbúlẹ̀.

A ṣí lọ ní ọjọ́ Ajé, torí Yèyé kò gbà kí ilé òun rìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyá mi dúró ti ilé. Bàbá mi ló wà níwájú, èmi àti Yèyé wà lẹ́yìn nínú ilé wa, tí fèrèsé wa ń ṣí sí ayé. N kò tíì rí ohun tó dà bí ìyẹn láti ìgbà náà, mo sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Igi ń rìn kọjá, òkè ń yí padà láti wò wá, obìnrin tó ru igi á dúró, á fi ọwọ́ bo ẹnu. "Okun o," Yèyé á kí wọn láti orí ibùsùn, bí ẹni pé ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé wa, eruku pupa á gbé wọn mì. Nígbà tí a fẹ́ sún mọ́ Mopa, Yèyé ní ebi ń pa òun, mo sì gbé ọbẹ̀ tí ìyá mi sè lé orí iná. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Àwọn àgbà náà kò tíì dáná lórí Sùúrù. Bí a ṣe já kòtò kan báyìí, ìkòkò fò, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí da sí mi láṣọ, ó pa iná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìgbà tí mo sì wò ó dáadáa, mo rí i pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni omi ẹ̀rín. Ó di ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́ àyà. "Ẹsẹ̀ mi," ó ní, "bí a bá débẹ̀ tó ti lọ ńkọ́?"

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a dúró níwájú ilé bàbá rẹ̀. Àwọn èèyàn jáde, àwọn obìnrin ilé ti tẹ́ yàrá kan sílẹ̀. "Ẹ gbé Yèyé wọlé," wọ́n ní. Yèyé dáhùn láti ojú fèrèsé pé òun ti wà nílé. Gbogbo wọn mọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà. Obìnrin kan kùn pé ìtìjú ni kí ọmọ ilé sùn síta bí àlejò, ẹnìkan sì ní kó panu mọ́. Bàbá mi ń palẹ̀ mọ́ láti gbé e wọlé kó kàn kí Ajíbóyè lórí ibùsùn kó tó padà wá sùn, nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ṣí. Ọkùnrin gígùn kan, tó rù kan egungun, ló jáde, ó fi ọ̀pá gbéra. Ó ká ẹní kan sí abíyá. Ẹni tí wọ́n ní kò lè dìde ni.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Okun o, Ajíbóyè. O ti rù."

"Ẹ̀yin náà ti kúrú."

Ajíbóyè sinmi lé ọ̀pá rẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. "Ẹ ní ẹ kò ní sùn nílé mi mọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi kò búra pé n kò ní sùn ní tiyín."

Bàbá mi gbé e sókè, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe gbé Yèyé, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ fún un sílẹ̀ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Èmi wà ní ìdí ẹsẹ̀ wọn. Ibà ń gbọn Ajíbóyè débi pé mo ń gbọ́ ìró eyín rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi," ni Yèyé wí, "tú ìrọ̀rí mi." Mo tú okùn ẹnu rẹ̀. Mo rò pé òwú ni mo máa rí, aṣọ ni mo rí, aṣọ kan tó dúdú bí aró, tó ní ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ létí, tí wọ́n ká mọ́ra títí ó fi le. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń rí i tó ń gbé orí lé e.

Ajíbóyè fi ìka tẹ̀ lé ilà pupa náà. "Èyí ni?"

"Èyí ni."

"N kò lè dúró dè yín. Ẹ mọ bí oòrùn ṣe rí lọ́jọ́ náà, òkú kò lè pẹ́ nílẹ̀."

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Ẹnu mi ló ṣáájú mi sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí mi. "Dà á bò ó."

Mo dà á bò ó. Nígbà tí mo jí, ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ara kọ́tìnì, àwọn arúgbó méjèèjì sì ń hanrun, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọwọ́ Yèyé rọ̀ sílẹ̀ láti orí ibùsùn, ó kan aṣọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta la lò. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, nípa odò kan, nípa ajá kan tó ti kú, nípa oúnjẹ tí ìyá wọn máa ń sè. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ padà, Ajíbóyè ká aṣọ náà dáadáa, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yèyé kò gbà á. "Òtútù ibí pọ̀," ó ní. "Mú un dání." Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mo rò pé òtútù ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lóòótọ́.

Jòsáyà tú ibùsùn, ó dá àga padà, Sùúrù sì tún ń lọ sí Òkènè. Bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n dí fèrèsé náà. Òun nìkan ni ọkọ̀ ẹrù tó ní kọ́tìnì lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ewúrẹ́ ló sì ń yọjú níbẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníṣu ọjọ́sí tún wá. Ó dúró ní ẹnu yàrá, kò jókòó.

"Yèyé, Ajíbóyè ti lọ sinmi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òfì. Kò béèrè ọjọ́, kò béèrè àìsàn. "Kí ni wọ́n fi dì í?"

"Aṣọ òfì kan, ó dúdú, ó ní ilà pupa létí. Ó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi òmíràn kan òun lára."

Yèyé mi orí lọ, ó mi orí bọ̀. "Ó bá a," ó ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, ó bá a." Lẹ́yìn náà ló gbé iwájú orí lé ara òfì, ó sì sunkún, ẹkún tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jókòó tì í, mo sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.